Ta Ló Sanwó Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́?

Àpótí páànù kan wà lábẹ́ ibùsùn màmá mi. Bàbá Àgbà ló ni ín, bàbá tó bí màmá mi lọ́mọ, àgbẹ̀ kòkó ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Àkànrán, lẹ́yìn Ìbàdàn. Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, àwọn ọmọ pín oko, wọ́n pín agbádá, wọ́n pín kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá. Kò sẹ́ni tó bèèrè àpótí. Màmá mi gbé e relé, wọ́n ní ìwé ló kún inú ẹ̀, èèyàn kì í sì í da ìwé nù.

Lọ́dún tó kọjá, mo fi odindi ọ̀sán kan jókòó tì í. Rìsíìtì owó orí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ti ọdọọdún, tí Bàbá Àgbà fi òwú sín bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà ayé wọn, ọkùnrin tí kò bá ní rìsíìtì owó orí lápò kò lè rìn fàlàlà lójú títì. Akódà lè dá a dúró nígbàkigbà, ó sì di kóòtù nìyẹn. Ìwé kòkó náà wà níbẹ̀, pélébé pélébé: iye ìwọ̀n, gírédì, iye owó. Láàárín wọn ni mo ti fa ọ̀kan yọ tí tàdáwà rẹ̀ ti ń ṣá, tí wọ́n kọ ṣílè mẹ́wàá àti sísì sí.

Mo fi han màmá mi. Wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, wọ́n ní, "Owó ilé-ìwé mi nìyí."

Mo ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ṣebí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lẹ kà?"

"Ọ̀fẹ́ ni fún mi," ni wọ́n wí. "Bàbá mi san án."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fojú mìíràn wo gbogbo ètò ìdàgbàsókè tí ìjọba bá kéde. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe ojú irin, tàbí ilé-ìwé, tàbí iná mànàmáná, ẹni tí rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wá. Ẹnì kan ní láti wà tó ń san án. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń san án kò mọ̀ pé òun ni.

*

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Màmá mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Tísà kan ló ní kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí wọ́n fi kan etí òsì. Ìka wọn kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Bàbá Àgbà, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, sọ wẹ́lẹ́ pé, "Tẹ orí díẹ̀." Màmá mi tẹ orí, ìka kan etí, tísà kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Wọ́n ṣì máa ń fi ọwọ́ hàn mí bó ṣe rí lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ewú orí wọn.

Ní 1954, ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ bí 457,000. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Ẹ ro iye bẹ́ǹṣì, iye síléètì, iye tísà tí ìyẹn máa gbà láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ kíláàsì jẹ́ ilé alámọ̀ tí àwọn òbí fi ọ̀wẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ tísà ni kò tíì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Ṣùgbọ́n owó oṣù tísà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọ̀wẹ̀ san. Ibo lowó ti wá?

Apá kan rẹ̀ wá láti ibi tí gbogbo ayé rí. Stephen Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé àbá náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù keje ọdún 1952. Kí owó tó lè wà, ìjọba Awólọ́wọ̀ bu owó kan lé owó orí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń san owó orí, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ìlú gbaná jẹ. Àgbẹ̀ tó ti ń ronú pé ta ni yóò máa bá òun fọ́ kòkó bí gbogbo ọmọ bá lọ jókòó síwájú pátákó, òun náà ni wọ́n tún ní kó wá sanwó ẹ̀. Nígbà tí ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní 1954, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀, pàdánù nínú ilé ara wọn: àga 18 ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Alákùkọ, ìyẹn NCNC, mú 23.

Síbẹ̀ wọn ò yẹsẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n ṣí ilé-ìwé. Mo bọlá fún wọn lórí èyí tọkàntọkàn. Ìjọba tó sọ fún ará ìlú pé iye báyìí lẹ máa san, ohun báyìí la máa fi ṣe, tó jìyà rẹ̀ nínú àpótí ìdìbò, tó sì tún ṣe ohun tó ṣèlérí, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

*

Ṣùgbọ́n ṣílè mẹ́wàá àti sísì kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí Bàbá Àgbà san. Èyí tó pọ̀ jù kò ní rìsíìtì.

Ẹni tí kò bá ṣe kòkó rí ò lè mọ bó ṣe ń gba èèyàn lára. Wọ́n á fi gọ̀ǹgọ̀ já a lórí igi, wọ́n á kó o jọ sójú kan, tilé toko á jókòó yí i ká láti fọ́ ọ. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, títí yóò fi gbóná, tí òórùn kíkan rẹ̀ yóò fi gba oko kan. Lẹ́yìn náà ni sísá. Wọ́n á tẹ́ ẹní sójú oòrùn, ọwọ́ ò ní kúrò nínú ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má baà bu. Bí òjò bá ṣú, ọmọdé àgbà á sáré. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá mi ní òórùn kòkó kì í kúrò lára yunifọ́ọ̀mù àwọn, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Nígbà tó bá gbẹ, tó ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ bí wọ́n bá fọwọ́ rú u, ó di orí òṣùwọ̀n. Sípẹ́tọ̀ á fi ọ̀bẹ la hóró mélòó kan, á wo inú wọn, á pe gírédì. Àgéńtì á san iye tí Bọ́ọ̀dù ti kéde láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kòkó. Bàbá Àgbà kò ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè tà á fún.

Marketing Board ni mò ń pè ní Bọ́ọ̀dù. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba òwò kòkó sọ́wọ́ ara wọn, nígbà tó sì di 1947 wọ́n dá Bọ́ọ̀dù tó ń ra gbogbo kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Bọ́ọ̀dù á kéde iye kan fún àgbẹ̀, á kó kòkó lọ sí òkè òkun, á tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì fi ohun tó lé pamọ́. Ìdí tí wọ́n sọ dára létí. Kòkó kì í dúró sójú kan lọ́jà àgbáyé. Lọ́dún tó bá gbówó lórí, ẹ jẹ́ ká tọ́jú díẹ̀, ká lè fi gbé àgbẹ̀ ró lọ́dún tó bá já wálẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ pín in nígbà kan: nínú pọ́nùn 100 tó bá lé, 70 fún ìpamọ́ ọjọ́ búburú, 22 àbọ̀ fún ìdàgbàsókè, 7 àbọ̀ fún ìwádìí.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ṣírò ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà rí i pé láàárín 1947 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí èèyàn bá ro ohun tí Bọ́ọ̀dù mú pọ̀ mọ́ owó tí ìjọba ń gbà lórí kòkó tó ń jáde nílẹ̀, ohun tí wọ́n yọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kòkó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Nínú àpò mẹ́rin tí Bàbá Àgbà bá rù dé orí òṣùwọ̀n, ọ̀kan ti lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ìwé kòkó tó wà nínú àpótí kò sọ ọ́. Iye tí wọ́n gbà ló wà níbẹ̀; iye tí wọn ò gbà kò sí.

Ibo ni wọ́n tọ́jú owó náà sí? Lọ́ńdọ̀nù ni, nínú ìwé ẹ̀yáwó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi. Ní 1946, ìjọba amúnisìn ṣe ètò ìdàgbàsókè ọdún mẹ́wàá fún Nàìjíríà, mílíọ̀nù 55 pọ́nùn, Lọ́ńdọ̀nù sì fi mílíọ̀nù 23 nínú rẹ̀ ṣe ìrànwọ́ fún wa. Láàárín àwọn ọdún ètò ìrànwọ́ yìí kan náà, àgbẹ̀ tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀ ń yá Lọ́ńdọ̀nù lówó, kò sì mọ̀.

Ní 1954, wọ́n pín Bọ́ọ̀dù àti owó inú rẹ̀ fún agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ti kòkó bọ́ sọ́wọ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Láti ìgbà náà ni ìpamọ́ ọjọ́ búburú ti bẹ̀rẹ̀ sí í di àpò ìdàgbàsókè. Kòkó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, ó wà lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀dà. Ó wà lẹ́yìn agbára tí agbègbè yìí ní láti ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀, àti láti ṣí Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1962. Nígbà tó di 1965, Cocoa House gòkè ní Dùgbẹ̀, àjà 26, ilé àwòṣífìlà tí kò ní ẹlẹgbẹ́ ní gbogbo àgbègbè wa nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló sọ òtítọ́ ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹni tó bá rò pé kòkó ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, kó wo Ìlà Oòrùn. Ìjọba ibẹ̀ náà kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1957. Ní 1958, wọ́n ti dá owó ilé-ìwé padà fún àwọn kíláàsì kan, àwọn obìnrin sì tú síta láti fẹ̀hónú hàn. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ wọn tó bí a ṣe fẹ́ràn tiwa. Epo pupa ò gbé ohun tí kòkó gbé.

*

Ọdún 35 ni màmá mi fi ṣe tísà. Torí pé wọ́n kàwé ni mo ṣe kàwé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a dá owó kòkó padà fún Bàbá Àgbà, kí màmá mi wá jókòó sílé, ẹnu mi ò ní lè ṣe àmín. Ṣùgbọ́n n kò lè tìtorí pé mo jẹ nínú oúnjẹ náà kí n má sọ bí wọ́n ṣe rí i sè.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Coker, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, yẹ ìwé Bọ́ọ̀dù wò ní 1962, wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó lówó lọ́wọ́ dáadáa ní 1954 ti ń fi owó àwìn báńkì gbé ayé nígbà tó fi di oṣù karùn-ún ọdún 1962, àwìn náà sì ju mílíọ̀nù 2.5 pọ́nùn lọ. Ìjà òṣèlú gbóná nígbà náà, àwọn tó gbé ìgbìmọ̀ yẹn kalẹ̀ sì ní ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ṣubú. Mo mọ ìyẹn. Síbẹ̀, àpò ti gbẹ. Ọjọ́ búburú sì dé lóòótọ́. Kòkó já wálẹ̀ wòòrò lọ́jà àgbáyé ní 1965. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún náà, ìjọba agbègbè gé iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀. Owó tí wọ́n ní àwọn ń bá wọn tọ́jú de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti di bíríkì.

Nínú rìsíìtì owó orí tí Bàbá Àgbà fi òwú sín, ọdún kan fò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi màmá mi, wọ́n ní, "Ọdún Agbẹ́kọ̀yà nìyẹn." Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ni wọ́n wà nígbà náà, wọn ò sì lè lọ sílé ṣọdún Iléyá, torí pé àgbẹ̀ àti ọlọ́pàá ń yìnbọn síra wọn lójú ọ̀nà Àkànrán. Láti 1968 wọ 1969 ni àwọn àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Agbẹ́kọ̀yà fi bá ìjọba jà lórí owó orí, ní oko Ìbàdàn, ní Ẹ̀gbá, ní Ìjẹ̀bú. Òkẹ́ mẹ́fà ni àwọn àgbẹ̀ ní àwọn lè san ní owó orí, ìyẹn ṣílè 30, kò sì sí ohun tí ìjọba ológun sọ tó wọ̀ wọ́n létí. Tafa Adeoye, olórí wọn, ni orúkọ tí gbogbo èèyàn ń dá nígbà náà. Níkẹyìn, Awólọ́wọ̀, tó ti di kọmíṣọ́nà ètò ìṣúná fún ìjọba àpapọ̀, ló wọ inú igbó lọ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gé owó orí sí pọ́nùn méjì. Mo máa ń ronú sí ìpàdé yẹn: ẹni tó fi owó kòkó kọ́ ilé-ìwé, àti àwọn tó ni kòkó, lójúkojú, láàárín igbó, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí rèé. Owó tó fojú hàn ló gba àga lọ́wọ́ Ọlọ́pẹ ní 1954. Owó tó fojú hàn náà ló pọ̀ jù nínú ohun tó gbé ìbọn lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní 1968. Owó tó fara sin, tó ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀, ọdún dé ọdún ni wọ́n fi gbà á láìsí ìdìbò kan tó dá a dúró. Ó dá mi lójú pé àwọn tó ń ṣèjọba rí èyí, wọ́n sì mú un lò. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń wá owó ètò ìdàgbàsókè lórílẹ̀-èdè yìí, owó tí ẹni tó ń san án ò ní mọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá lọ.

*

Ètò ìdàgbàsókè àpapọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, ti 1962 sí 1968, ya mílíọ̀nù 676.8 pọ́nùn sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì ń retí pé òkè òkun ni nǹkan bí ìdajì rẹ̀ yóò ti wá. Èyí tó wá ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Níbi tó ti wá, ó hàn: Báńkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 82 dọ́là ní 1964 fún ìsédò Kainji, wọ́n ṣí i ní 1969, iná ẹ̀ ṣì ń tàn. N kò ka irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sí ohun burúkú. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 náà, owó tí a yá lọ́wọ́ báńkì ìjọba Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó lé ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là, èlé 2.5 nínú 100, ogún ọdún ni a ó fi san án. Mo ti wọ̀ ọ́, inú mi sì dùn. Ẹni tó yáwó ra ọkọ́, tó fi ọkọ́ náà roko, ọkọ́ lè bá a san gbèsè. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn ni pé nínú gbogbo wa tó jókòó, mélòó ló mọ̀ pé a ò tíì san án tán?

Epo rọ̀bì ló wá jẹ́ kó rọrùn láti má bèèrè. Ètò kẹta, 1975 sí 1980, bílíọ̀nù 30 náírà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, wọ́n sì tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Owó dé lójijì débi pé ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì tò sí èbúté Èkó lọ́pọ̀ yanturu, tí wọn ò ríbi já ẹrù sí. Epo kò ní àgbẹ̀ tó máa wá jókòó sójú òṣùwọ̀n. Kò ní akódà, kò ní rìsíìtì. Èèyàn lè ṣe é bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń san án, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Niger Delta ń fi odò wọn àti ilẹ̀ oko wọn san án lójoojúmọ́. Àwa tí a wà lókèèrè ni kò rí i, gẹ́gẹ́ bí ará Lọ́ńdọ̀nù kò ṣe rí Bàbá Àgbà.

Nígbà tí owó epo dín, ìjọba lọ yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkè òkun ní 1978. Lẹ́yìn ìyẹn, yíyá di àṣà, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Èlé gorí èlé. Àwọn àgbà mọ òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí yóò ṣó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí yóò fi gbowó rẹ̀. Gbèsè orílẹ̀-èdè ní òṣómàáló tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ẹni tó yá owó ló ń ṣó sí. Ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 1978 ló wá bá lẹ́nu ọ̀nà. Ní 2005, gbèsè tí a jẹ Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yáni lówó, ti tó bílíọ̀nù 30 dọ́là. Wọ́n fi bílíọ̀nù 18 jì wá, a kó bílíọ̀nù 12 ó lé sílẹ̀ fún wọn. Mo rántí bí inú wa ṣe dùn. Bílíọ̀nù 12 dọ́là jáde lápò ìlú tí ilé ìwòsàn rẹ̀ ò ní atẹ́gùn ọ́síjìn, inú wa sì dùn, torí pé ara ti tu òṣómàáló.

Èyí tó wá fara sin jù lọ nínú gbogbo wọn ni ti owó tí Báńkì Àpapọ̀ ń tẹ̀ fún ìjọba. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ ní 2023, ó ti di tírílíọ̀nù 22.7 náírà, wọ́n sì sọ ọ́ di gbèsè tí a ó máa san fún ogójì ọdún. Kò sẹ́ni tó wá sẹ́nu ọ̀nà wa wá gba kọ́bọ̀. Ọjà la ti san án. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló fa ọ̀wọ́n. Owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù tí wọ́n yọ àti náírà tó já wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2024, iye tí ọjà fi gorí láàárín ọdún kan ti di 34.8 nínú 100. Owó ìfẹ̀yìntì màmá mi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kóńgò gàrí ló yàtọ̀. Olùkọ́ tó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ń san owó ètò tí kò sẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe san án lórí òṣùwọ̀n kòkó.

*

Ohun tí mò ń fẹ́ kò ju èyí lọ. Bí wọ́n bá ti ń kéde ètò kan, kí wọ́n kéde ẹni tó máa san án lẹ́sẹ̀ kan náà, iye tí yóò san, àti ìgbà tí yóò san án tán. Kí àgbẹ̀ lè bínú nígbà tí ìbínú ṣì lè tún nǹkan ṣe.

Ó ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gba bílíọ̀nù 100 náírà lọ́wọ́ ará ìlú nípasẹ̀ sukuk, ìwé òwò ní ìlànà Ìsìláàmù, tó jẹ́ pé owó ìyálò ni ẹni tó ra á ń gbà dípò èlé. Kí wọ́n tó gbowó, wọ́n ti dárúkọ ọ̀nà 25 tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú wọn. Iṣẹ́ ibẹ̀ falẹ̀, ó dùn mí, ẹ̀mí tó sì ti bọ́ lójú ọ̀nà tóóró àtijọ́ yẹn kò ṣe é kà. Ṣùgbọ́n èèyàn lè dúró síbẹ̀ kó nawọ́ sí ilẹ̀: owó tí ẹ gbà, ibí yìí lẹ ní ẹ fẹ́ fi ṣe, ó kù síbí. Lójú mi, ìyẹn tóbi. Bàbá Àgbà ò ní irú ibẹ̀ tí wọ́n lè nawọ́ sí nígbà tí Bọ́ọ̀dù ń gba àpò kan nínú mẹ́rin.

Ọdún 2017 yẹn náà ni bọ́ǹdì ìfowópamọ́ (Savings Bond) bẹ̀rẹ̀, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú, tí ìjọba àpapọ̀ ń tà fún ẹni tó bá ní ₦5,000 sókè, tí wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́yìn tí mo rí àpótí páànù, mo ra díẹ̀ lórúkọ màmá mi. Mo fẹ́ kí àwọn náà ní ìwé tó fi hàn pé ìjọba jẹ wọ́n lówó, kì í ṣe àwọn ló jẹ ìjọba. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ fún wọn ní ọjọ́ Àìkú kan.

Wọ́n kà á bí ìwé ìdánwò ọmọ kíláàsì kẹfà, pẹ̀lú báírò lọ́wọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fa ìlà sí abẹ́ iye èlé. Wọ́n fa ìlà sí abẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò dá owó padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bí ẹni ń wá nǹkan.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Kí ni wọ́n máa fi ṣe?"

Mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kí n tó ra á, mo sì sọ ohun tí mo rí fún wọn. Mo ní, "Mọ́mì, wọ́n ní àlàfo inú ìṣúná ni àwọn máa fi dí."

Wọ́n ká ìwé náà sí méjì. Wọ́n fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn, wọ́n tò ó sórí rìsíìtì ṣílè mẹ́wàá àti sísì. Wọn ò tíì pa àpótí dé nígbà tí wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Àlàfo wo?"